Alága Tó Fòfin De Òjò Oṣù Kẹsàn-án

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, alága ìlú wa fi òǹtẹ̀ lu ìwé kan pé òjò kò gbọdọ̀ rọ̀ ní Boca Terca láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án títí dé òpin rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwa tí a wà níbẹ̀, àtẹ́wọ́ la pa. Èmi gan-an pa á ju ẹlòmíràn lọ, torí èmi ni mò ń wa ọkọ̀ ìkéde ìlú, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ mi sì wà.

Chago ni wọ́n ń pè mí. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ni mò ń wà, gbohùngbohùn mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú, èmi ni mò ń kéde rẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá dé láti orí òkè, èmi ni. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, èmi náà ni. Orúkọ alága wa ni Don Hermenegildo Paniagua y Lantigua. Bó bá ti kẹ́yìn sí wa, Gildo là ń pè é. Níwájú rẹ̀, a kì í dánwò.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà ga, àgbọ̀n rẹ̀ ló máa ń gbé sókè. Aṣọ funfun ló ń wọ̀ láàárọ̀, funfun ló ń wọ̀ lálẹ́. Bó bá sín, akọ̀wé rẹ̀, Belarminio, á wo aago, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní agogo báyìí ni Ọlọ́lá jùlọ sín, ìlú sì rí ìtura. Mi ò bù mọ́ ọn. Mo ti rí ìwé náà.

Lọ́dún kejì ìjọba rẹ̀ ló ṣòfin pé ìkéde kankan kò gbọdọ̀ jáde ní Boca Terca láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ ka oyè rẹ̀ tán. Oyè náà jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Olùtànmọ́lẹ̀ Etíkun. Bàbá Àwọn Afárá Méjèèjì (ọ̀kan ti wó, ṣùgbọ́n a ṣì ń kà á mọ́ ọn). Ẹni Tí Odò Ń Kí Kó Tó Kọjá. Ọ̀rẹ́ Tímọ́tímọ́ Oòrùn. Mo fi aago wọ̀n ọ́n: ìṣẹ́jú mọ́kànlá géérégé. Nígbà tí ìyàwó apẹja kan kú, mo ka oyè tán kí n tó dé orí òkú, àwọn kan sì rò pé alága ló kú. Wọ́n ti ń dúpẹ́ kí n tó dá wọn lọ́wọ́ kọ́.

Ènìyàn kì í pẹ́ mọ ọgbọ́n irú èyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sílé tó ń gbọ́ mi mọ́. Bí mo bá ti yà sí àdúgbò, tí mo ní "Olùtànmọ́lẹ̀" báyìí, ẹ ó gbọ́ bí fèrèsé ṣe ń pa dé léra wọn: gbà, gbà, gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwọn fèrèsé náà. A ṣì máa padà bá wọn.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́ nínú ọdún la fi ń mọ bí ọdún ṣe máa rí. Ọjọ́ kìíní dúró fún oṣù kìíní, ọjọ́ kejì fún oṣù kejì, títí dé ìparí. Bí oòrùn bá ràn ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin á gbẹ. Bí òjò bá fọ́n ní ọjọ́ karùn-ún, kí àgbẹ̀ lọ pọ́n ọkọ́ sílẹ̀ de oṣù karùn-ún. Cabañuelas là ń pè é, Don Tiburcio ló sì ń bá ìlú kà á láti ogójì ọdún. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò níyàwó, ilé rẹ̀ ló gbẹ̀yìn nísàlẹ̀ àdúgbò La Cañada. Á jókòó sẹ́yìnkùlé láti ìdájí, á fọwọ́ kan ìrì orí koríko, á wo bí ẹ̀fúùfù ṣe ń mi imọ̀ àgbọn, á sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí èèpo rẹ̀ pupa.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méje tí cabañuelas kò ti bá ohunkóhun mu mọ́, baba náà fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Máńgòrò ń tanná nígbà tí kò yẹ kó tanná. Àwọn apẹja ní omi òkun ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìfọbọ́. Ọ̀dá á mú títí ilẹ̀ á fi là, òjò oṣù mẹ́ta á sì wá rọ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìjì tó máa ń fún wa ní ọjọ́ mẹ́rin tẹ́lẹ̀ ká fi kan pákó mọ́ fèrèsé, ọjọ́ kan ló fi ń dàgbà báyìí. Rédíò sọ pé èéfín tí ayé ń rú sókè ló ń mú ayé gbóná, pé òkun gbígbóná sì ni oúnjẹ ìjì.

"Chago," Don Tiburcio wí fún mi lọ́jọ́ kan, "ojú ọ̀run tí bàbá mi kọ́ mi kà, òun kọ́ ló wà lókè yìí mọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Èmi kàn ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ lásán ni."

Baba yìí ni alága ránṣẹ́ pè lọ́jọ́ kejìlá yẹn, níwájú gbogbo ìlú.

"Don Tiburcio, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ojú Ọ̀run," ó wí, ó ń na ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń na aṣọ sórí okùn, "ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, báwo ló ṣe rí?"

"Oòrùn ràn láàárọ̀, Alága. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, òjò wẹliwẹli fọ́n díẹ̀."

"Ọ̀sán gangan? Belarminio, kí ni mò ń ṣe ní ọ̀sán gangan ọjọ́ náà?"

"Ẹ ń sùn, Ọlọ́lá jùlọ," Belarminio dáhùn. "Oorun ọ̀hún buyì kún ìlú."

"Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí alága ń sùn, kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú òfin. Ẹ pa á rẹ́."

"Alága, ká tiẹ̀ pa á rẹ́," baba náà ní, "ká tiẹ̀ ní ọjọ́ náà gbẹ látàárọ̀ dalẹ́, cabañuelas ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Mo ti ń sọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀jọ̀gbọ́n," alága dáhùn, ó sì gbé ọ̀já aláràn-án búlúù kan kọ́ ọ lọ́rùn, ó fi bírò sí i lọ́wọ́. Baba náà wo ọ̀já, ó wo bírò, ó wo wa. Gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Ó fọwọ́ sí i. Ojú tì mí díẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ mi ò dá àtẹ́wọ́ dúró.

Ẹ ó béèrè ohun tó fẹ́ fi oṣù kẹsàn-án tó gbẹ ṣe. Ọ̀nà méjì ni odò wa ní. Ọ̀kan ló ń gbà lójoojúmọ́. Èkejì, tó gba àárín La Cañada, ìgbà tó bá bínú nìkan ló ń gbà á. Àwọn bàbá wa kì í kọ́lé síbẹ̀, ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ ibẹ̀. Ẹni tí kò rílẹ̀ mìíràn rà ló lọ kọ́lé sí etí rẹ̀, wọ́n sì ń fetí sílẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Gildo rí àlàfo náà, ó ní ìlú kò gbọdọ̀ ní ihò láàárín. Ó da òkúta àti kọnkéré dí i, ó sọ ọ́ di gbàgede, ó sì kọ́ ìsun omi ńlá kan sí àárín rẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò máa ta omi rẹ̀ ga dé orí àgbọn. Ó dí ọ̀nà omi kó lè rí ibi tí yóò ti máa fi omi ṣeré. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ ọdún Wúńdíá Aláàánú tó ń ṣọ́ ìlú wa, ló fẹ́ ṣí i, àwọn èèyàn ńlá láti olú-ìlú sì ń bọ̀.

Àwọn àgbà sọ fún un pé odò kì í gbàgbé ilẹ̀ rẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, á dé pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ lábíyá. Ó ní kí odò náà lọ bá agbẹjọ́rò òun.

Ohun kan ló kù tó ń gba La Cañada là nígbà gbogbo. Orí òkè tó wà lẹ́yìn àdúgbò náà ni ilé ẹ̀kọ́ wà, ilé kan ṣoṣo tí orí rẹ̀ jẹ́ kọnkéré, ibẹ̀ la máa ń sá sí bí ìjì bá dé. Láti ọgbọ̀n ọdún ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ sórí ìṣó kan nínú ilé ìdáná Mamá Nena, ní ìsàlẹ̀ òkè náà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á wọlé, á kí ìyá, á mú un. Ẹsẹ̀ Mamá Nena kò gbé e mọ́, orí àga tó ń mì síwá sẹ́yìn ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Eufrosina, sì ń din yaniqueque, àkàrà oníyẹ̀fun, tà lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú oṣù kẹjọ, Gildo wá wo àdúgbò náà. Ó rí kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà.

"Kọ́kọ́rọ́ ìjọba," ó wí, "lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà."

Lọ́jọ́ kejì ó pààrọ̀ àgádágodo, ó fi ẹ̀wọ̀n góòlù so kọ́kọ́rọ́ tuntun mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó sì kó irinwó àga tí yóò lò fún ayẹyẹ sínú ilé ẹ̀kọ́ náà, aṣọ funfun tó ń dán lára gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ kan náà ló fòfin de ọ̀rọ̀ náà, "ìjì". Afẹ́fẹ́ onítara la gbọ́dọ̀ máa pè é. Àkúnya odò di ìbùkún olómi.

Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án, rédíò ní ìjì kékeré kan wà lójú òkun lápá gúúsù, Griselda lorúkọ rẹ̀, kò jọ pé yóò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹtàlélógún fi máa mọ́, Griselda ti jẹ òkun gbígbóná yó, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lọ tí wọ́n rí rí, ó sì ti kọjú sí wa. Eufrosina bọ́ aṣọ ìdáná, ó gba ọ́fíìsì alága lọ. Mo wà níbẹ̀, mò ń dúró gba ìwé ìkéde.

"Ẹ káàárọ̀, Alága. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni mo wá gbà."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, obìnrin rere?"

"Ìjì ń bọ̀."

Belarminio wúkọ́. "A kì í pè é bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ó dáa. Afẹ́fẹ́ onítara yín ń bọ̀ wá pa ìyá mi. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Gildo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. "Griselda tí wọ́n ń wí yẹn? Mi ò lè sún ayẹyẹ síwájú nítorí obìnrin tí wọn ò tíì fi hàn mí. Ojú ọ̀run ti gbà pé oṣù kẹsàn-án máa gbẹ. Ìwé ẹ̀ wà níbí, òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀."

"Griselda ò mọ̀wé, Alága."

"Àga ló wà nínú ilé ẹ̀kọ́. Àbí ẹ fẹ́ kí n kó àga síta, kí n wá kó èèyàn wọlé?"

"Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn."

Ó wò ó pẹ̀lú àánú. Lẹ́yìn náà ló na káàdì ìpè sí i, káàdì tí etí rẹ̀ jẹ́ wúrà. "Ẹ gbé ìyá yín wá lọ́la. Iwájú pátápátá la máa fi wọ́n sí, níbi tí omi á ti máa ta sí wọn lára."

"Omi máa ta sí wọn lára ṣá," Eufrosina wí, ó sì jáde.

Orí àtẹ̀gùn ló ti pàdé Don Tiburcio. Baba náà ti bọ́ ọ̀já aláràn-án, ó ká a mọ́ ọwọ́, ó wá dá a padà. Ó fa ìwé èèpo pupa yọ lábẹ́ ẹ̀wù, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Bá mi gbé e, ọmọ mi. Ilé tèmi ni omi máa kọ́kọ́ wọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Ẹ má dúró níbẹ̀ o."

"Mo fọwọ́ sí irọ́ níwájú ìlú. Mi ò tún fẹ́ máa ṣe tinú ara mi. Màá dúró gbọ́ ohun tí Chago bá kéde, ohun tí wọ́n bá ní ká ṣe ni màá ṣe."

Mo gbọ́ ọ. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìwé oyè mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wà lọ́wọ́ mi, mo sì gbọ́ ọ.

Láti ìdájí ọjọ́ kẹrìnlélógún ni òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá láti olú-ìlú kò wá, wọ́n lọ́gbọ́n. Ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ìwé àṣẹ dé láti ọ̀dọ̀ wọn: kí gbogbo ẹni tó wà ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó béèrè bí mo ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Gildo gbà á. Belarminio ló sọ fún mi. Akọ̀wé tí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣubú kì í pa nǹkan mọ́ inú.

Gildo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ń dá ka ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, Belarminio di agbòòrùn mú lé e lórí. Irinwó àga ṣì wà lókè lábẹ́ àgádágodo. Ó ka ìwé àṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Wọ́n kọ ọ́ láìsí oyè mi," ó wí.

"Wọ́n ṣẹ̀ yín, Ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi."

"Ìbùkún ni. Sọ fún Chago kó kéde pé ẹni tó bá wù lè sún díẹ̀. Kó tẹ̀ lé ìlànà."

Mo tẹ̀ lé ìlànà. Ẹ̀yin tó ti ń fi Gildo rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ó tó àkókò kí ẹ fi èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wa ọkọ̀ dé àárín La Cañada, mo tan gbohùngbohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo la ìwé, mo ní: "Olùtànmọ́lẹ̀ Etíkun." Àwọn fèrèsé pa dé: gbà, gbà, gbà. Mo rí ti Don Tiburcio nísàlẹ̀ pátápátá, òun ló pa dé gbẹ̀yìn. Mo ń kà á lọ. Ìbẹ̀rù wà nínú ẹ̀, àmọ́ àṣà ló pọ̀ jù. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà náà débi pé kò bi mí kó tó lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni mo fi kà á. Mo dé oyè kọkàndínlógún, Ọ̀rẹ́ Tímọ́tímọ́ Oòrùn, nígbà tí omi wọ inú ọkọ̀ tó bo bàtà mi.

Mo ju ìwé náà síta.

"Ẹ̀yin ará La Cañada, Chago ni o. Omi ti dé. Ẹ gun òkè. Ẹ má kó ẹrù. Ẹ gun òkè báyìí."

Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Eufrosina sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Ìgbà tá a gbọ́ ìkéde tí ò sí Gildo nínú ẹ̀, àyà wa já. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú." Ọkùnrin mẹ́rin gbé Mamá Nena tòun ti àga rẹ̀, ìyá náà ń mì lókè orí wọn, ó ń ka orúkọ àwọn tó ń kọjá kó lè mọ ẹni tí kò tíì jáde. Eufrosina ṣáájú, ọmọ odó tó fi ń gún ààyù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lu àgádágodo Gildo lẹ́ẹ̀mẹta, ó já. Wọ́n da àwọn àga sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wọ́n sì bọ́ aṣọ funfun lára wọn fi bo àwọn ọmọdé.

Odò náà dé ojú ọ̀nà rẹ̀, ó bá gbàgede níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó pín sí méjì, ó gba inú ilé àwọn èèyàn kọjá. Ilé mẹ́rìnlá ló gbé lọ, ó sì ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, láti ti Don Tiburcio.

Mo padà lọ síbẹ̀. Omi dé àyà mi. Gbohùngbohùn ti kú, ohùn mi lásán ni mo fi pè é, mo pè é títí tí wọ́n fi wá fà mí jáde. Ọjọ́ kẹta la rí i. Mo sunkún lójú gbogbo èèyàn, mi ò sì tíì sọ fún ara mi pé ó tó.

Ìgbà tí omi dé orúnkún ni Belarminio gbé agbòòrùn sá lọ. Gildo gun orí ìsun omi rẹ̀, ibi tó ga jù. Ìkún omi ti ẹ̀rọ náà lábẹ́ ilẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ta omi sókè ní tirẹ̀, ó ń tú u sí alága nídìí látàárọ̀ dọ̀sán. Ṣebí ó fẹ́ kó ga dé orí àgbọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn ṣójà dé, ọ̀kan nínú wọn mú ìwé kan tó ti rin gbingbin jáde.

"Orúkọ?"

"Olùtànmọ́lẹ̀ Etíkun," ó bẹ̀rẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, "Bàbá Àwọn Afárá Méjèèjì..."

"Bàbá, orúkọ nìkan. Ẹni mẹ́fà ni ọkọ̀ yìí ń gbà."

Ó wo omi, ó wo ọkọ̀. "Gildo," ó ní.

Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé e wá. Kò sẹ́ni tó dìde fún un. Ó rí àgádágodo tó ti fọ́ nílẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wọ̀n góòlù lọ́rùn, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú àga Mamá Nena, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Mo mú kọ́kọ́rọ́ wá, Mamá. Ẹ gbé e kọ́ sórí ìṣó yín."

Ìyá náà wò ó pẹ́. "Ara ògiri ni ìṣó wà, ọmọ mi. Ògiri ti wà nínú òkun."

Ó wá fa aṣọ funfun gbígbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi bò ó léjìká. Inú bí mi sí i. Ká ní èmi ni, mi ò ní fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí àwọn tó ń ṣèwádìí tó dé, inú ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jókòó sí. Obìnrin onígíláàsì kan ni olórí wọn. Aṣọ funfun Gildo ti gbẹ, àgbọ̀n rẹ̀ ti padà sókè.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ó wí, "wọ́n dalẹ̀ mi. Èmi ṣe tèmi, oṣù kẹsàn-án ló rúfin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ojú Ọ̀run ló dá mi lójú, ọwọ́ rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ó dùn mí pé kò sí níbí láti ṣàlàyé ara rẹ̀."

 Òkú ló gbé ẹrù rẹ̀ lé lórí, òkú ẹni tí òun fa ikú rẹ̀. Mo ti ń dìde láti lọ gbá a létí, Eufrosina sì kọjá lára mi, ó gbé ìwé èèpo pupa ka iwájú obìnrin onígíláàsì. Obìnrin náà ṣí i dé ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, ó kà á sókè:

"Oòrùn láàárọ̀. Òjò wẹliwẹli lọ́sàn-án. Alága ní kí n pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́ nínú ìwé tiwọn, mi ò pa á rẹ́ nínú tèmi. Ká tiẹ̀ ní ó gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má gbà á gbọ́. Ọdún méje ni mo ti ń ṣì í. Òkun ti gbóná, ojú ọ̀run ti yí padà. Kí wọ́n dá ọ̀nà omi padà fún omi, kí wọ́n sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Mo fọwọ́ sí i torí ojú ń tì mí láti kọ̀ níwájú èèyàn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

Gildo yíjú sẹ́yìn. "Belarminio, sọ fún wọn. Sọ fún wọn pé mò ń sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà."

Belarminio tí kì í jiyàn rí nínú ayé rẹ̀ dìde, ó tẹríba bó ṣe máa ń ṣe. "Ẹ ń sùn lóòótọ́, Ọlọ́lá jùlọ. Látìgbà náà lẹ ò tíì jí."

Èmi náà dìde. Kò sẹ́ni tó bi mí, àmọ́ mo sọ fún wọn nípa ìṣẹ́jú mẹ́fà mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n yọ Gildo nípò kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wọ́n ti hú kọnkéré La Cañada kúrò, àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ ti rí ilẹ̀ lókè. Òpó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ìṣó wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Wọ́n ri ọ̀pá onílà mọ́ inú odò, èmi ni mo sì ń lọ wò ó nígbàkígbà tí òjò bá ń rọ̀, tí mo máa ń kéde ohun tí mo bá rí. "Odò ti dé ìlà kejì. Ẹ máa múra." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gildo ń gbé nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lójú títì. Bó bá gbọ́ ọkọ̀ mi, á sáré ṣí fèrèsé, á na ọrùn síta, á fọwọ́ ti etí síwájú. Ó ń dúró de orúkọ rẹ̀. Mi ò pè é rí.

Nínú ìṣẹ́jú mọ́kànlá tó jẹ́ ti oyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìkéde mi kì í lò ju ẹyọ kan lọ. Mẹ́wàá tó kù ni mo fi ń wakọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ La Cañada, síbi tí ilé Don Tiburcio wà nígbà kan. Koríko nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì, màá sì tún ìkéde náà ṣe níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó lè gbọ́.